Pangasinan: Etíkun Tí Wọ́n Jà Lé Lórí, Tí Wọ́n Tún Gbìn Padà

Alága àpéjọ wa, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó wà níjokòó, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ètò. Àwọn àgbà ló sọ pé àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Ẹ jẹ́ ká jọ rìn jìnnà lónìí.

Ibi tí mò ń mú yín lọ ni ìpínlẹ̀ Pangasinan lórílẹ̀-èdè Filipínì. Ó wà ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Luzon, ní òkè Manila tó jẹ́ olú-ìlú wọn. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2020, àwọn tó ń gbé ìpínlẹ̀ náà lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Lingayen ni olú-ìlú ìpínlẹ̀. Apá kan òkun yà wọ inú ilẹ̀ níwájú rẹ̀, orúkọ ìlú náà ni wọ́n sì fi ń pè é: Lingayen Gulf. Ẹ di orúkọ yẹn mú, nítorí inú omi yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi yóò ti jáde.

Tí wọ́n bá ń polówó etíkun fún wa, kí ni wọ́n máa ń fi hàn wá? Iyanrìn, igi àgbọn, omi aláwọ̀ aró, àga tí èèyàn lè na ẹsẹ̀ sí. N kò bá wọn jà, ìsinmi dára. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá wá síbí ni pé kò sí ibì kan ní etíkun Pangasinan tó kàn wà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan jà lé e lórí. Àwọn kan fi ojúkòkòrò bà á jẹ́. Àwọn ọmọ ibẹ̀ sì wà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tún un gbìn. Ẹni tó bá débẹ̀ láìmọ èyí, iyanrìn nìkan ló rí.

Ọ̀rọ̀ kìíní: Àwọn tí òkun gbé wá

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Bolinao, ìlú tó wà ní ṣóńṣó ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà. Ní abúlé kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Balingasay, àwọn tó ń wa ilẹ̀ nítorí ohun àtijọ́ rí agbárí òkú tó tó 67, pẹ̀lú àwo tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Ṣáínà láyé àwọn ọba Ming. Ọ̀kan nínú àwọn agbárí náà ni gbogbo ayé mọ̀ jù. Kí ló ní? Wúrà ni wọ́n fi bo eyín rẹ̀. Wọ́n gé wúrà náà wẹ́wẹ́, wọ́n tò ó léra lórí eyín bí ìpẹ́ ẹja, wọ́n sì fi okùn wúrà tín-tìn-tín kàn án mọ́ ibẹ̀. Ọ̀rúndún kẹrìnlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fojú bù ú sí. Ó wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba wọn ní Manila báyìí.

Ẹ ronú sí i. Ará Sípéènì kankan kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yẹn nígbà náà. Ẹni tó ń fi wúrà ṣe ẹ̀ṣọ́ sí eyín rẹ̀ láti ya ìpẹ́ ẹja, ẹni tó lówó lọ́wọ́ ni, ẹni tó mọ òkun ni, ó sì ní alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ nítòsí. Àwọn onímọ̀ ìtàn tilẹ̀ gbà pé Pangasinan ni ilẹ̀ kan tí ìwé àwọn ọba Ming sọ pé àwọn ìjòyè rẹ̀ kó ẹ̀bùn wá bá ọba Ṣáínà ní 1406. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọjọ́ tí òyìnbó dé ni ìtàn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Òkun tó ń gbé oníṣòwò wá ń gbé jàǹdùkú wá pẹ̀lú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1574, ajalèlókun ọmọ Ṣáínà kan tó ń jẹ́ Limahong kó ọkọ̀ tó lé ní 60 bọ́ sí Manila. Ọdún mẹ́ta péré ni àwọn ará Sípéènì tíì lò ní ìlú náà. Ó pa ọ̀gá ológun wọn kan, Martín de Goiti, àmọ́ kò rí ìlú gbà. Ibo ló wá forí lé? Pangasinan. Ó kọ́ odi sí ẹnu odò Agno, ó ní òun ti di ọba ibẹ̀.

Ní 1575, Juan de Salcedo kó ọmọ ogun Sípéènì àti ọ̀pọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ tẹ̀lé e. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ Limahong lójú omi, wọ́n sì sé e mọ́ inú odi fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Gbogbo èèyàn ló rò pé ó ti tán fún un. Ṣùgbọ́n nínú odi níbẹ̀, Limahong àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń ṣa igi tó kù lára ọkọ̀ tó jóná, wọ́n ń kan ọkọ̀ tuntun ní ìdákẹ́rọ́rọ́, wọ́n sì ń gbẹ́ ọ̀nà omi gba abẹ́ ibi tí ọ̀tá kò fojú sí lọ sí òkun. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Títí di òní, tí ẹ bá dé Lingayen, wọn yóò júwe ọ̀nà omi Limahong fún yín.

Ṣé àwọn tó lé Limahong wá fi àwọn ọmọ ilẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n sinmi? Rárá o. Owó òde, iṣẹ́ àfipáṣe, igi gígé fún ọkọ̀ ogun, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dì lé wọn lórí. Ní 1660, Andres Malong dìde ní Binalatongan, ó fi ara rẹ̀ jọba. Wọ́n mú un ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pa á. Ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá. Ní 1762, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Sípéènì ń jagun, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gba Manila. Àwọn ará Binalatongan, tó ń jẹ́ San Carlos lónìí, ní tí ìjọba Sípéènì kò bá lè dáàbò bo ara rẹ̀, kí lòun tún ń gba owó òde lọ́wọ́ àwọn fún? Wọ́n ní kí wọ́n dá owó náà padà. Ẹni tó ṣáájú wọn ni Juan de la Cruz Palaris. Ọ̀tẹ̀ náà tàn láti ìlú dé ìlú, ó sì lé ní ọdún kan kí wọ́n tó rí apá rẹ̀ ká.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe parí, nítorí ó máa ń dùn mí. Palaris sá pamọ́ sí agbègbè rẹ̀ gan-an, láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin ló lọ sọ ibi tó wà fún aláṣẹ ìlú. Ẹ̀rù ló bà á. Àwọn baba wa ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ní 1765, wọ́n so Palaris kọ́.

Mo máa yára níbí yìí. Ní 1880, ẹnu ilẹ̀ Bolinao ni wáyà tẹligíráàfù, èyí tí wọ́n fi ń tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́, tí wọ́n gba abẹ́ òkun fà láti Hong Kong ti gúnlẹ̀, ibẹ̀ sì ni Filipínì ti kọ́kọ́ so mọ́ ayé báyẹn. Ní 1898, agbára bọ́ lọ́wọ́ Sípéènì sí ọwọ́ Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1941, nínú Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Japan gba Lingayen Gulf wọlé.

Nígbà tó sì di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 1945, omi kan náà ni ọ̀gágun Douglas MacArthur gbà padà. Nǹkan bí 68,000 ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló gúnlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìkan. Kí wọ́n tó gúnlẹ̀, àwọn awakọ̀ òfuurufú Japan tó ti múra ikú ń fi bàálù wọn kọlu ọkọ̀ ogun lójú omi, ìbọn ńláńlá láti inú ọkọ̀ sì ń ro etíkun lójú ẹsẹ̀. Ilé ìjọba ìpínlẹ̀ náà, ilé funfun kan tí wọ́n kọ́ ní 1918 tó kọjú sí òkun, jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ogun. Lónìí, àwọn ọmọdé ń fi kéèkèé sáré níwájú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ẹbí ń tẹ́ ẹní sórí iyanrìn. Iyanrìn Lingayen kò funfun o, ó dúdú díẹ̀, ó sì tẹ́jú lọ gbànsasa. Tí ẹ bá dúró síbẹ̀, ẹ wo bó ṣe tẹ́jú tó. Bó ṣe tẹ́jú yẹn ló jẹ́ kí ó rọ ológun lọ́rùn láti gúnlẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì: Ohun tí wọ́n ń jẹ nínú omi náà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ etíkun kan, kí ó wo ohun tí wọ́n ń fi í jẹun. Ní Pangasinan, iyọ̀ ló ṣáájú. Àtọdúnmọ́dún ni ìpínlẹ̀ náà ti ń bọ́ Luzon pẹ̀lú iyọ̀, ìlú Dasol ní apá ìwọ̀-oòrùn sì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á ṣí omi òkun sínú adágún, oòrùn á mú un títí omi á fi ki. Wọ́n á tú u sí adágún kejì, á tún ki sí i. Adágún ìkẹyìn kò jìn rárá, wọ́n sì ti to ègé amọ̀ sísun sí gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹrẹ̀ má baà ba iyọ̀ jẹ́. Ọwọ́ ló ń to ègé amọ̀ yẹn, kò sí ẹ̀rọ. Tó bá di ọ̀sán lọ sí ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí i tí ojú omi ń ṣe bí ẹni pé ó ń dì, hóró iyọ̀ á máa jókòó sísàlẹ̀. Wọ́n á fi igi pẹlẹbẹ tó ní ọwọ́ gígùn wọ́ ọ jọ lókìtì lókìtì, wọ́n á dúró kí omi ro kúrò lára rẹ̀, wọ́n á kó o sínú agbọ̀n méjì, wọ́n á fi ọ̀pá kan gbé méjèèjì kọ́ èjìká. Tí òjò bá ṣèèṣì ya lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbogbo làálàá ti yọ́ lọ nìyẹn.

Ní 1995, ìjọba wọn ṣòfin pé iyọ̀ tí èèyàn yóò jẹ gbọ́dọ̀ ní áyódíìnì, kí àìsàn gẹ̀gẹ̀ lè dín kù. Ète rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn oníyọ̀ kéékèèké kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n ó fi pò ó, iyọ̀ ilẹ̀ òkèèrè sì rí àyè wọlé. Ọ̀pọ̀ adágún iyọ̀ di ibi ọ̀sìn ẹja. Orílẹ̀-èdè tí òkun yí ká, tó ní erékùṣù tó lé ní 7,000, wá ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú iyọ̀ rẹ̀ láti ìta. Ṣé ẹ rí nǹkan? Ní tèmi, òfin tó bá fẹ́ wo àìsàn kan gbọ́dọ̀ ro ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà mọ́ ọn kí ó tó jáde. Wọ́n ti ń tún un rò o: ní 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Pangasinan fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣe iyọ̀ ní Bolinao, òfin tuntun kan láti gbé iṣẹ́ iyọ̀ dìde sì jáde ní 2024.

Inú iyọ̀ náà ni bagoong ti ń wá. Ẹja wẹ́wẹ́ ni, wọ́n á pò ó mọ́ iyọ̀, wọ́n á dì í sínú ìkòkò ńlá, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó kan. Ẹni tó mọ irú wooro nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ti mọ ohun tí bagoong ń ṣe: òórùn rẹ̀ a máa lé àlejò, adùn rẹ̀ a sì máa fà á padà. Ti Lingayen ni wọ́n ń wárí fún jù.

Ìlú Dagupan ló ni bangus, ẹja funfun tí wọ́n ń sìn sínú adágún àti odò. Ẹja náà dùn, àmọ́ eegun tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ tó nǹkan bí 200. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi rí àwọn obìnrin ní ọjà Dagupan tó jẹ́ pé yíyọ eegun ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n á la ẹja náà gba ẹ̀yìn, wọ́n á fi irin kékeré ẹlẹ́nu méjì máa fa eegun náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹran kò sì ní ya. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta, iṣẹ́ ọwọ́ yẹn wù mí wò ju ọ̀pọ̀ ibi ìgbafẹ́ lọ. Ìlú yìí kan náà ni ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù keje ọdún 1990 sọ ilẹ̀ rẹ̀ di ẹrẹ̀ lábẹ́ ilé, tí ilé alájà púpọ̀ ń rì, tí ń dagun. Wọ́n tún un kọ́.

Ọ̀rọ̀ kẹta: Ọgọ́rùn-ún erékùṣù

A ti dé ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń retí. Ní Alaminos, èbúté kan wà tó ń jẹ́ Lucap. Ẹ ó forúkọ sílẹ̀, ẹ ó sanwó, wọn yóò fún yín ní ọkọ̀ ojú omi tó ní ọparun gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kí ó má baà dojú dé. Kò pẹ́ tí ẹ ó fi wà láàárín wọn. Hundred Islands ni wọ́n ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ju ọgọ́rùn-ún lọ: 124 ni nígbà tí òkun bá fà, 123 nígbà tó bá kún, nítorí omi a máa bo ọ̀kan mọ́lẹ̀. Ní 1940 ni Ààrẹ Manuel Quezon sọ ibẹ̀ di ọgbà ìjọba àpapọ̀.

Kí ni wọ́n fi ṣe àwọn erékùṣù yìí? Iyùn ni. Iyùn tó ti wà láàyè lábẹ́ òkun láyé ìgbà tí èèyàn kò tíì sí, tó di òkúta, tí ilẹ̀ sì gbé sókè. Ìgbì àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké ń jẹ ìdí òkúta náà, nítorí náà orí rẹ̀ fẹ̀, igi àti koríko bò ó, ìdí rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ gun àtẹ̀gùn Governor's Island dé òkè, ẹ ó rí wọn bí wọ́n ṣe fọ́n káàkiri ojú omi. Quezon Island dára fún lílúwẹ̀ẹ́. Àwọn ihò wà tí ọkọ̀ lè gbà wọlé, àwọn kan sì wà tí àwọn onígboyà máa ń ti inú wọn bẹ́ sómi. Èyí tó pọ̀ jù nínú erékùṣù náà kò ní ilé rárá.

Ní Bolinao, ẹ lọ sí Patar, iyanrìn tó pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Lókè rẹ̀ ni ilé gogoro kan wà láti 1905 tí iná orí rẹ̀ ń tọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi sọ́nà. Kò jìnnà síbẹ̀ ni ihò òkúta kan wà tí omi dídùn wà nínú rẹ̀, omi tó mọ́ gaara, tí èèyàn lè sọ̀kalẹ̀ sí láti wẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú jù lókè.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Àwọn tó bà á jẹ́ àti àwọn tó tún un ṣe

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, dánámáìtì ni àwọn apẹja kan ń jù sómi Hundred Islands. Ẹja á kú lọ bẹẹrẹ, wọ́n á ṣa èyí tí wọ́n bá rí, iyùn tí ń bẹ nísàlẹ̀ á fọ́ yángá. Àwọn mìíràn ń da májèlé síhò iyùn láti mú ẹja láàyè. Ìṣẹ́ wà níbẹ̀, mo mọ̀, ẹni tébi ń pa ọmọ rẹ̀ kì í ro ọ̀la iyùn. Àmọ́ iyùn tó bá ti fọ́, ẹja kò ní ibi tí yóò bímọ sí mọ́, ebi tí wọ́n ń sá fún á wá pọ̀ sí i. Ní 2005, wọ́n gbé àbójútó ọgbà náà lé ìlú Alaminos lọ́wọ́, ìlú sì mú ìṣọ́ ojú omi le.

Ní Bolinao, wàhálà méjì ni mo fẹ́ sọ. Ní àwọn ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ wá kọ́ ibùdó sìmẹ́ńtì sí etíkun náà, nítorí òkúta tó wà níbẹ̀ dára fún sìmẹ́ńtì. Wọ́n ṣèlérí iṣẹ́, wọ́n ṣèlérí owó. Àwọn apẹja, àwọn olùkọ́, àwọn ìjọ àti àwọn onímọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ sí pe ìpàdé láti abúlé dé abúlé. Wọ́n ń béèrè pé: eruku ńkọ́? Omi mímu ńkọ́? Ẹja ńkọ́? Ní 1996, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká kọ̀ fún wọn pátápátá. Bí ó bá ti lọ bí wọ́n ṣe fẹ́ ni, n kì bá máa júwe Patar fún yín lónìí.

Èkejì kò rọrùn bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ará ilé ló wà nídìí rẹ̀. Ẹja bangus ń mówó wọlé, gbogbo èèyàn bá ń ṣe ọgbà ẹja sínú òkun láàárín Bolinao àti ìlú Anda. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2002, ọgbà ẹja tó wà lómi ju ìlọ́po méjì iye tí ìjọba ìbílẹ̀ fàyè gbà lọ. Oúnjẹ ẹja tí wọ́n ń dà sílẹ̀ lójoojúmọ́ ń jókòó sísàlẹ̀, ó ń jẹrà, ewédò wá hù bo omi, afẹ́fẹ́ inú omi tán. Ní oṣù kejì, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí kú. Wọ́n léfòó lọ salalu. Òórùn gba ìlú. Ẹni tó fi owó ẹ̀yáwó sin ẹja àti ẹni tí kò sin ẹyọ kan, àwọn méjèèjì ló pàdánù. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ṣùgbọ́n mo ní wọ́n tún un gbìn, ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe gbìn ín.

Ẹ̀dá inú òkun kan wà tí wọ́n ń pè ní taklobo. Ìkarahun méjì ló ní, wọ́n ṣí wọ́n sì pa dé bí àpótí. Èyí tó tóbi jù nínú ìran rẹ̀ lè ju mítà kan lọ ní gígùn, kí ó sì wọn ju 200 kìlógíráàmù lọ. Ẹran ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀: aró, àwọ̀ ewé, àwọ̀ àlùkò, ó ń dán. Àwọn ewéko tín-tìn-tín ń gbé inú ẹran náà, wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ fún un, nítorí náà omi tó bá dọ̀tí kò lè gbé e. Wọ́n ti pa á jẹ, wọ́n ti ta ìkarahun rẹ̀, àwọn ìjọ kan tilẹ̀ fi í ṣe àwo omi mímọ́, títí ìran tó tóbi jù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá lómi Filipínì.

Láti àwọn ọdún 1980 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Edgardo Gomez àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Filipínì ti bẹ̀rẹ̀ sí sin ín ní ibùdó ìwádìí òkun wọn ní Bolinao. Nígbà tí èyí tó kù nílé kò tó, wọ́n mú òmíràn wá láti Solomon Islands. Akọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, abo náà ni: á kọ́kọ́ tú àtọ̀ sómi, lẹ́yìn náà ni á tú ẹyin. Wọ́n á gba ẹyin náà, wọ́n á tọ́ ọ nínú àwo omi títí yóò fi ní ìkarahun, wọ́n á gbé e lọ sínú àgò lábẹ́ òkun nítòsí erékùṣù Silaqui, nítorí akàn àti ẹja a máa jẹ ẹ́ bó bá ṣì kéré. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa wọ omi lọ fọ ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló máa ń gbà kí ó tó lè dá dúró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó wọn lọ gbìn sí ibòmíràn lórílẹ̀-èdè náà, títí kan Hundred Islands tí dánámáìtì ti bàjẹ́. Gomez kú ní 2019. Àwọn taklobo tó sìn ṣì ń dàgbà.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, bọ́ọ̀sì wà láti Manila sí Alaminos, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni bí ọ̀nà bá dán. Bolinao tún jìnnà tó wákàtí kan sí i. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù karùn-ún ni kí ẹ lọ, nítorí ìjì líle a máa jà nígbà òjò, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ kúrò ní Lucap bí òkun bá ń ru. Ẹ ní kí awakọ̀ gbé yín dé ibi tí taklobo wà. Ẹ ó wọ aṣọ ìléfòó, ẹ ó da ojú bolẹ̀ lórí omi, ẹ ó wò wọ́n nísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹsẹ̀ tẹ iyùn.

Ẹ ṣeun tí ẹ fún mi ní etí yín. Alága ti na ọwọ́ sí aago, mo rí i. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ó yá o, mo ń gbọ́.